Bá Ọkọ Rẹ Lọ, Ṣùgbọ́n Gba Iṣẹ́ Tìrẹ Kí Ẹ Tó Gbéra

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí, kíkà ni tèmi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń pàtẹ nítòsí Ọjà Atákúmọ̀sà níbí ní Iléṣà, tí mo bá kà á tán máa gbé e fún aládùúgbò mi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti ọmọbìnrin tó ní wọ́n mú ọkọ òun fún iṣẹ́ fọ́lọ́ńtíà ọdún méjì ní Gámbíà, tó ní ẹbí òun ń sọ pé kóun má bá a lọ, pé ta ló ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ síbi tówó ò sí nígbà táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Kánádà, lẹ́tà yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí jáde kó lè rí i, torí ó ní oṣù kẹwàá ni wọ́n máa gbéra, ọjọ́ sì ń lọ.

Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, Ìsọ́kùn ni àdúgbò wa, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ lọkọ mi, tíṣà máàsì ni. Ní 2009, ọdún tí àbíkẹ́yìn wa wọ Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n mú Bàbá Dúpẹ́ pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Farafenni, ìlú kan ní apá àríwá odò Gámbíà, kò jìnnà sí bọ́dà Sẹ̀nẹ̀gà. Mo gba líìfù tí wọn ò ní sanwó fún níbi iṣẹ́, mo bá a lọ. Oṣù kẹjọ la débẹ̀, ọdún méjì gbáko la lò. Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ yẹn ni wọ́n sọ fún èmi náà. Wọ́n ní ṣé a ò rí ilé kọ́ ni, ṣé orí wa ti dàrú ni, àgbà méjì tó ní ọmọ ní yunifásítì ń lọ ṣiṣẹ́ fún owó táṣẹ́rẹ́ nílùú tí kò dára ju tiwa lọ. Ìyá mi àgbà nìkan ló wò mí tó ní ṣé ẹ mọ̀ pé òṣómàáló ni wá. Àwọn bàbá wa ló ru aṣọ láti Iléṣà dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn dé, wọ́n tà á láwìn, ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ìrìn-àjò ò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀ṣà rárá. Ohun tó ṣàjèjì sí ẹbí mi ni kéèyàn rìnrìn-àjò kó má ru owó bọ̀.

Bẹ́ẹ̀, irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan o, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní ètò kan tó ń jẹ́ Technical Aid Corps, 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Iléṣà níbí sì ni wọ́n bí i. Dókítà, nọ́ọ̀sì, tíṣà, ẹnjiníà, wọ́n ń kó wọn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pacific fún ọdún méjì-méjì. Kì í ṣe ètò yẹn ló mú àwa lọ, àjọ mìíràn ni, mi ò ní dárúkọ wọn torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn báyìí.

Ohun náà nìyí. Nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa kí á tó lọ, orúkọ ọkọ mi wà lókè gàdàgbà, iṣẹ́ rẹ̀, iléèwé rẹ̀, iye wákàtí tó máa fi kọ́mọ. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́, ìlà tó tẹ̀lé e gan-an ni wọ́n ti kọ iye kílò ẹrù tá a lè gbé wọ bàálù. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà yẹn. Mo rí ìlà yẹn, mo fọwọ́ sí i, mo ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, tá a bá débẹ̀ máa ríṣẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ibẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí ìwọ náà ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, àbúrò mi, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ilé tí wọ́n fún wa dáa, yàrá méjì nínú kọ́ḿpáàǹdù ìyá àgbà kan, igi máńgòrò wà láàárín ọgbà, ẹnu ẹ̀rọ kan tó wà lójúde la ti ń pọn omi. Bàbá Dúpẹ́ á jí, á wẹ̀, á lọ síléèwé, àwọn ọmọ á máa pè é ní tíṣà káàkiri àdúgbò, tó bá dìrọ̀lẹ́ á lọ sí bantaba, ìyẹn pẹpẹ tí wọ́n kàn sábẹ́ igi ńlá tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó, wọ́n á máa mu ataya. Tíì kan báyìí ni, orí èédú ni wọ́n ti ń sè é nínú kẹ́tùrù kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú, àkọ́kọ́ á korò bí ewúro, ìkẹta á dùn, bí ẹ bá sì jókòó tì í ẹ̀ ń wo nǹkan bíi wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó dìde. Á padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, á ní ẹ wo ohun tí lágbájá sọ. Èmi ńkọ́? Mo ti gbálẹ̀, mo ti fọṣọ, mo ti se ìrẹsì, mo ti wo ògiri. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú kọ́ḿpáàǹdù Mandinka ni wọ́n ń sọ, lọ́jà Wolof, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran Fúlàní, kò sí èyí tí mo gbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn obìnrin ilé ń rẹ́rìn-ín sí mi, mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ọ̀rọ̀ parí.

Ìgbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ọkọ mi torí pé inú rẹ̀ ń dùn. Mo mọ̀ pé kò bójú mu, mo ṣì ń bínú. Lọ́jọ́ kan ó ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, mi ò dá a lóhùn, mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ìdájí ọjọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Barra létí odò, ó tó 100 kìlómítà, mo wọ fẹ́rì sọdá sí Banjul, olú ìlú wọn, mo wọkọ̀ mìíràn lọ sí Serekunda, tó jẹ́ pé ibẹ̀ lèèyàn wọn pọ̀ sí jù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò níbẹ̀ ò kéré. Mo ti mọ ìyá oníṣòwò kan tẹ́lẹ̀, ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ń ta aṣọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló gún iyán àkọ́kọ́ tí mo jẹ láti ìgbà tá a ti kúrò nílé, mi ò mọ ibi tó ti rí iṣu, mo kàn ń jẹ ẹ́ tomijé-tomijé.

(Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti gbọ́ tí àwọn obìnrin Gámbíà wọlé tí wọ́n ń béèrè asobi. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni. Aṣọ ẹbí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Onílé àtàlejò wọn ló ń lò ó, ìgbéyàwó tàbí ìkómọ kan ò lè wáyé láìsí asobi. Ìyá oníṣòwò ló ṣàlàyé fún mi pé àwọn Aku ló gbé e débẹ̀, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí àwọn kan nínú wọn wá tibẹ̀ bọ́ sí Banjul. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú yìí tí wọ́n ń kíra wọn ni wọ́n fi sọ wọ́n ní Aku. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn mo bá ìyá àgbà Aku kan pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Banjul, ó ní nílé àwọn tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ tuntun síta, komojade ni wọ́n ń pè é. Kó ọmọ jáde! Mo di ìyá yẹn mú, mi ò lè sọ̀rọ̀.)

Ọjọ́ kọkànlá, Bàbá Dúpẹ́ dé. Kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó mumi, ó ní ká máa lọ sílé. A wọ fẹ́rì ní Banjul ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ẹnu òkun ni odò yẹn ti fẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, téèyàn bá dúró sí Banjul ńṣe ni Barra máa rí bí ìlà kan ṣáá lókèèrè. Oṣù kọkànlá ni, ọdún iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Tobaski ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, fẹ́rì kún fún àgùntàn, èèyàn, ọkọ̀, àpò ìrẹsì, aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Nígbà tá a dé àárín odò, ẹ́ńjìnnì kú. Ó kàn dákẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa díẹ̀díẹ̀ sápá òkun, àwọn kan ń ṣàdúrà, àwọn ọmọdé ń sunkún, àgùntàn kan tú okùn já ó ń sáré káàkiri. Àwa méjèèjì jókòó sórí àpò ìrẹsì onírẹsì, kò síbi téèyàn lè bínú lọ.

Mo ní, Bàbá Dúpẹ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ó di oṣù mẹ́rin báyìí tẹ́nikẹ́ni ti pè mí ní nọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn?

Ó dákẹ́ títí. Ó ní, mo rò pé ò ń sinmi ni.

Ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin yẹn nìyẹn fún oṣù mẹ́rin, pé mò ń sinmi. Ó ní nílé o máa ń ṣe iṣẹ́ òru, ẹsẹ̀ rẹ máa ń wú, mo rò pé Ọlọ́run ti fún ẹ ní ìsinmi ọdún méjì. Inú rere ló fi ṣe é! Èmi náà ò sì la ẹnu sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lé ní wákàtí méjì tá a fi wà lójú omi yẹn kí wọ́n tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, a sọ̀rọ̀ tí a ò sọ láti ìgbà tá a ti fẹ́ra wa, ilẹ̀ ti ṣú ká tó gúnlẹ̀ sí Barra. Mo gbà pé ká ní fẹ́rì yẹn ò dúró ni, à bá délé, máa se ọbẹ̀, ìgbésí ayé á máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ra obì, ó ní ká lọ kí alkalo. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Obì lèèyàn fi ń wọlé tọ alkalo lọ́dọ̀ wọn, kò sídìí tí màá fi máa ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá. Alkalo abúlé kan tí kò jìnnà sí Farafenni lọ̀rẹ́ ìyá onílé wa, ìyá náà bá wa lọ. Wọ́n gba obì, wọ́n pín in, alkalo béèrè pé kí lobìnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá onílé ló dáhùn, mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó ń bójú tó kílíníìkì kékeré tó wà lábúlé yẹn yẹ ìwé nọ́ọ̀sì mi wò, wọ́n ní kí n máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò sówó. Mo ní owó kọ́ ló gbé mi débí.

Ibi tí mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa nìyí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ni. Wọ́n ti fi ìwọ̀n kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, àwọn ìyá tò, ọmọ ń ké lọ́tùn-ún lósì. Ìyá kọ̀ọ̀kan mú káàdì jáde nínú nylon tó fi pa mọ́. Mo gba ti ẹni àkọ́kọ́, mo ṣí i, ara mi ya. Ìlà méjì tó yí sókè bí ojú ọ̀nà, àmì tóótòòtó tí wọ́n fi ìwọ̀n ọmọ sàmì sí lóṣooṣù. Mo mọ káàdì yẹn ju bí mo ṣe mọ orúkọ mi lọ.

Ní Wesley Guild ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọsibítù àwọn Mẹ́tọ́díìsì níbí ní Iléṣà tó ti di ara ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Ifẹ̀ báyìí. Àwọn ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa nípa Dókítà David Morley, òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá síbí ní 1956. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú lọ rẹpẹtẹ, ìgbóná èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àìjẹunrekánú, bí wọ́n bá sì gbé ọmọ dé ọsibítù ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Ló bá lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú Ìjẹ̀ṣà tiwa yìí, ó ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ wá nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí wọ́n máa fa ìlà sórí káàdì, kí káàdì sì wà lọ́wọ́ ìyá nílé, kì í ṣe nínú fáìlì dókítà. Tí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Tí ìlà bá dúró sójú kan, ẹ tètè ṣe nǹkan kí àìsàn tó gbé e dè. Ó kúrò níbí ní 1961, ṣùgbọ́n irú káàdì yẹn ló tàn ká ayé. Ó wá di pé mo gbéra láti Iléṣà, mo wọ bàálù, mo wọ fẹ́rì, mo dé abẹ́ igi máńgòrò ní Gámbíà, ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé.

Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń tumọ̀ fún mi pé kó bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀bá ilé mi ni ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, ó ní, ṣé o wá gbà á padà ni?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní orúkọ. Nọ́ọ̀sì Kaddy ni wọ́n ń pè mí, ìyá onílé ló sọ mí ní Kaddy. Mo sì wá jókòó ti èdè. Ẹ gbọ́, Mandinka tí mò ń sá fún yẹn, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ mo rí i pé ilé wa ni. Tẹ́ ẹ bá pàdé ara yín, wọ́n á ní Suu moolu lee? Ará ilé ńkọ́? Ẹ̀yin á ní I be jee. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n á béèrè ọkọ, ọmọ, iṣẹ́, ẹ ó máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kayira dorong, àlàáfíà ni ṣáá. Òyìnbó tó ń ṣe fọ́lọ́ńtíà níbẹ̀ sọ fún mi pé ìkíni yẹn máa ń sú òun. Èmi ò lè sú mi! Ọmọ Yorùbá wo ni ìkíni máa sú? Lóṣù kan mo ti lè kí wọn láìsí ògbufọ̀, lóṣù mẹ́fà mo lè sọ fún ìyá ọmọ bó ṣe máa po oògùn ìgbẹ́ gbuuru.

Ìgbà òjò 2010 ló le jù. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án, oúnjẹ ọdún tó kọjá ti tán nínú àká, ti ọdún yẹn ò tíì gbó lóko, àwọn ìyá sì wà lóko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n kékeré ló ń gbé ọmọ ọwọ́. Ìgbà yẹn ni ìlà orí káàdì máa ń wọ́lẹ̀. Ibà náà á wá dé tẹ̀lé e. Ọmọ kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, oṣù mẹ́rìnlá ni, ìlà rẹ̀ dúró fún oṣù méjì, oṣù kẹta ó já wálẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, bàbá ní kò sówó ọkọ̀, Bàbá Dúpẹ́ san án nínú owó ataya rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyá rẹ̀ bó ṣe máa fi ẹ̀pà gígún sínú ògì ìrẹsì ọmọ, ohun tí ìyá tirẹ̀ náà mọ̀ tẹ́lẹ̀, chura gerte lorúkọ rẹ̀ ní Wolof, ìṣòro ibẹ̀ ò ju pé wọ́n ti ta gbogbo ẹ̀pà tán. Lẹ́yìn ìyẹn a máa ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n yọ apẹ̀rẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ kí oníṣòwò tó dé. Àwọn kan ṣe é. Àwọn kan ò ṣe é, gbèsè ò jẹ́.

Ohun yòókù, kíákíá ni mo máa sọ ọ́. Oúnjẹ: ìrẹsì ni láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Benachin ni wọ́n ń pe ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹja nínú ìkòkò kan, domoda ni ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó dùn gan-an. Abọ́ ńlá kan ni gbogbo ilé máa yí ká, ibi tó wà níwájú rẹ ni kó o ti jẹ, ìyá onílé á máa ju ẹja síwájú rẹ, má kọ̀ ọ́. Gbé gàrí àti èlùbọ́ dání. Ooru: oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ìta la sùn, inú nẹ́ẹ̀tì. Iná: ẹ ra tọ́ọ̀ṣì olóòrùn. Ọjà: lumo ni wọ́n ń pe ọjà ọ̀sẹ̀, bí ọjà ọrún-ọrún tiwa, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà àti Mauritania náà ń wá. Owó: dálásì, ohun tí wọ́n fún wa tó jẹun, kò tó fi pamọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní purọ́ fún ẹ pé a kó owó bọ̀. A ò kó nǹkan kan bọ̀. A san owó iléèwé àbíkẹ́yìn wa nínú owó tá a ti tọ́jú kí á tó lọ, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ níléèwé ẹ tètè ṣètò ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà: pásípọ́ọ̀tù ECOWAS tó, kò sí fíísà, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1979 ló fún wa láyè 90 ọjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú, kí àjọ tó mú yín lọ gba tìrẹ pọ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ. Má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Ẹ jáde o. Ẹ má ṣe bí àwọn tó kàn ń lọ láti ilé síbi iṣẹ́. Nínú ìsinmi àjíǹde 2011 a lọ sí Wassu lọ wo àwọn òkúta tí wọ́n gbé nàró yí ká, láti ayé ọjọ́un, 2006 ni UNESCO kọ wọ́n mọ́ ibi àjogúnbá ayé. Bàbá Dúpẹ́ dúró, ó ní ẹ wò ó, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga ju gbogbo wọn lọ, onílé rántí ilé! Ṣùgbọ́n mo rí i tó mú òkúta kékeré, ó gbé e lé orí ọ̀kan bí àwọn àlejò ṣe máa ń ṣe níbẹ̀, kò sọ ohun tó tọrọ, mi ò bi í. A lọ sí Dakar náà lẹ́ẹ̀kan, nínú Peugeot tí wọ́n ń kó èèyàn méje sí, eruku bò wá, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gorée. Inú ọkọ̀ ojú omi yẹn la ti rántí fẹ́rì tó kú. Farafenni ti ní afárá lórí odò báyìí, oṣù kìíní 2019 ni wọ́n ṣí i, àwọn tírélà tó máa ń tò fún ọjọ́ mélòó kan kí fẹ́rì tó gbé wọn sọdá ò tò mọ́, ìyá onílé ló fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Banjul gba Barra, ẹ ṣì máa wọ fẹ́rì.

Ẹbí rẹ ní kó o jókòó sílé di iṣẹ́ rẹ mú kí ọkọ nìkan lọ. Mi ò bá wọn jà, mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì dáa fún wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ tó bá lọ nìkan á dé pẹ̀lú ọdún méjì tí ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀ nípa ẹ̀, ìyàwó tó bá lọ jókòó sì máa dé pẹ̀lú ọdún méjì tí òun fúnra rẹ̀ ò ní fẹ́ rántí. O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé télọ̀ ni ẹ́. Télọ̀! Ní Gámbíà! Nígbà Tobaski àwọn télọ̀ ibẹ̀ kì í sùn mọ́jú. Kí ọkọ rẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kó kọ lẹ́tà sí àjọ yẹn pé àwọn méjì ló ń bọ̀ o, ìyàwó òun mọ aṣọ rán, ó lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò lọ síléèwé, iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ wo ló wà nítòsí, ta ni kó bá sọ̀rọ̀, ṣé wọ́n á rí ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé. Tí wọ́n bá ní ìyẹn ò sí nínú ètò àwọn, kí ọkọ rẹ ní òun á dúró kó wọ inú ètò. Tí ọkọ rẹ ò bá lè sọ ìyẹn fún wọn, ẹ jókòó kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ náà délẹ̀ nílé yín, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kó tó di pé ẹ wọ fẹ́rì.

Kó o sì bẹ̀rẹ̀ èdè báyìí. Abaraka ni ẹ ṣeun. Ìyá onílé wa ṣì wà láyé, ó máa ń pè mí tí ọdún iléyá bá ti ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, ṣùgbọ́n kì í béèrè nǹkan mìíràn kó tó ní Suu moolu lee, èmi náà á ní I be jee, a ó máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní oṣù kẹwàá bó o ṣe kọ ọ́, òjò á ti máa dáwọ́ dúró, ẹ̀pà ni ẹ máa bá wọn tí wọ́n ń wú lóko. Tí wọ́n bá fún ẹ ní tútù tó ṣì ní yẹ̀pẹ̀ lára, gbọn yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dànù, pa á jẹ níbẹ̀ níwájú wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Dúpẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìsọ́kùn, Iléṣà.